Ìyá Hubble: Oríkì Tí Kò Kún

Ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí kò mọ sórí ọmọ ènìyàn nìkan. Bí àwùjọ kan bá fẹ́ ki ẹni tí ó ṣe ohun ńlá fún un, ilé tirẹ̀ náà ni yóò wò: ohun tí ó kà sí ọlá, ohun tí ó kà sí iṣẹ́, àti irú ènìyàn tí ó gbà pé ó lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ inú àwùjọ kan, kí ó tẹ́tí sí oríkì tí wọ́n ń fún ènìyàn níbẹ̀. Oríkì ẹyọ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí á yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí. Àwọn ará Amẹ́ríkà ni ó ni ín, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin wọn ni wọ́n sì fi kì. Oríkì náà ni "Ìyá Hubble."

Hubble ni awò ọ̀nàjíjìn tí NASA, àjọ tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà, gbé lọ sí òkè òfurufú ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 1990, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àjọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yúróòpù. Orúkọ Edwin Hubble ni wọ́n fi pè é, onímọ̀ tí ó fi hàn pé àwọn agbo ìràwọ̀ mìíràn wà lẹ́yìn agbo tí ayé wa wà nínú rẹ̀. Edwin Hubble kú ní 1953, ọdún mẹ́tàdínlógójì kí awò náà tó gbéra. Ẹni tí wọ́n ń pè ní ìyá awò yìí ni Nancy Grace Roman, tí a bí ní ìlú Nashville ní ìpínlẹ̀ Tennessee ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 1925, tí ó sì kú ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 2018. Edward Weiler, ẹni tí ó bá a ṣiṣẹ́ ní NASA kí òun náà tó di olórí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún Hubble, wà lára àwọn tí ó kì í bẹ́ẹ̀. Ó sì ní ìdí: ó rí i pé àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ tí wọ́n ń tipa Hubble di ẹni ńlá ń gbàgbé ẹni tí ó la ọ̀nà fún wọn.

N kò bá ẹni tí ó fi ìfẹ́ ki ènìyàn jà. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé oríkì náà kò kún, àti pé ibi tí kò kún sí gan-an ni iṣẹ́ obìnrin náà wà.

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ní láti yà sọ́tọ̀. Nínú èdè wa, awòràwọ̀ ni ẹni tí ó ń wo ìràwọ̀ láti fi sọ àsọtẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Bíbélì Yorùbá ṣe lò ó. Ẹni tí ó ń fi ìṣirò àti ẹ̀rọ wá ìdí ohun tí ìràwọ̀ jẹ́ ni mo ń pè ní onímọ̀ ìràwọ̀ níhìn-ín.

Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni bàbá Roman. Ìyá rẹ̀ ni ó máa ń mú un jáde ní alẹ́ láti fi ìràwọ̀ hàn án. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mọ́kànlá, tí wọ́n ń gbé ní ìlú Reno ní ìpínlẹ̀ Nevada, ó kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti máa kọ́ nípa ìràwọ̀. Nígbà tí ó dé ilé ẹ̀kọ́ girama ní ìlú Baltimore, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́ ìṣirò áljẹ́bírà sí i dípò èdè Látìnì. Olùkọ́ agbaninímọ̀ràn tí ó lọ bá bi í pé irú ọmọbìnrin gidi wo ni yóò fi Látìnì sílẹ̀ lọ kọ́ ìṣirò. Roman kò gbàgbé ìbéèrè yìí. Ó ṣì ń sọ ọ́ nígbà tí ó ti darúgbó. Ó gba oyè àkọ́kọ́ ní Swarthmore ní 1946, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Chicago ní 1949.

Yerkes, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ni Yunifásítì Chicago ti ń wo ìràwọ̀ nígbà náà. Níbẹ̀ ni Roman ti ṣe iṣẹ́ tí ó sọ ọ́ di ẹni tí àwọn onímọ̀ mọ̀. Bí a bá tú ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ sí àwọ̀ rẹ̀ gbogbo, bí òjò ti ń tú ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí òṣùmàrè, a ó rí àwọn ìlà dúdú láàrin àwọ̀ náà. Àwọn ìlà wọ̀nyí ni ó ń sọ ohun tí ó wà nínú ìràwọ̀. Roman ṣe àkíyèsí pé àwọn ìràwọ̀ tí ó jọ oòrùn wa kò rí bákan náà. Àwọn tí ìlà irin inú wọn kò hàn dáadáa ń rìn lọ́nà mìíràn, wọ́n sì ń yára ju àwọn tí ìlà irin wọn hàn gbangba lọ. Ohun tí ó rí yìí, tí ó tẹ̀ jáde ní 1950, di ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rí ìṣáájú nípa bí agbo ìràwọ̀ tiwa ṣe di ohun tí ó dà: àwọn àgbà ìràwọ̀ inú rẹ̀ kò ní irin púpọ̀, ìrìn wọn sì yàtọ̀ sí ti àwọn ọ̀dọ́. Lẹ́yìn èyí, ó ṣèèṣì rí i pé ìràwọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní AG Draconis ti yí padà kúrò ní bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ìwé kékeré tí ó kọ lórí rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì pè é wá síbi ìṣílé ibùdó Byurakan ní Armenia ní 1956, nígbà tí Amẹ́ríkà àti Sófíẹ́ẹ̀tì ń wo ara wọn bí ọ̀tá.

Ṣùgbọ́n kí ó tó di ìgbà náà, ó ti fi Yerkes sílẹ̀. Ó ti rí i pé obìnrin kò lè retí ipò iṣẹ́ tí ó fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Ó lọ sí ilé ìwádìí àwọn ọmọ ogun ojú omi ní Washington, ó sì ń fi ẹ̀rọ rédíò wádìí ojú ọ̀run.

Àjọ NASA bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1958. Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí òṣìṣẹ́ àjọ náà kan bi Roman léèrè bóyá ó mọ ẹni tí yóò fẹ́ wá dá ètò ìmọ̀ ìràwọ̀ sílẹ̀ fún wọn. Ó gbọ́ ìbéèrè náà bí ẹni tí a pè. Ó béèrè fún iṣẹ́ náà, ó sì wọlé ní 1959. Òun ni olórí àkọ́kọ́ fún ìmọ̀ ìràwọ̀ ní NASA, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó di ipò aláṣẹ mú nínú àjọ náà. Ó mọ ohun tí yóò ná an. Ẹni tí ó bá jókòó sí ipò yẹn kò ní àyè láti máa ṣe ìwádìí tirẹ̀ mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, tí ó ti rí ohun tí àwọn àgbà kò rí, gbé ìràwọ̀ sílẹ̀, ó sì mú fáìlì. Ìdí tí òun fúnra rẹ̀ sọ ni pé òun kò lè kọ àǹfààní àtidá ètò kan sílẹ̀ láti ìpìlẹ̀, ètò tí yóò darí ìmọ̀ ìràwọ̀ fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún.

Ibi àkọ́kọ́ tí oríkì náà ti kù díẹ̀ káàtó nìyí. A kì í sábà bi ìyá léèrè ohun tí ó fi sílẹ̀ kí ọmọ tó dé. A gbà pé bí ayé ṣe rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n onímọ̀ tí ó gbé ìwádìí rẹ̀ sílẹ̀ ti san owó gidi, a sì gbọ́dọ̀ ka owó náà. A kò lè sọ pé tìfẹ́tìfẹ́ nìkan ni ó fi san án. Ilẹ̀kùn kan ti tì kí òmíràn tó ṣí. Bí Yerkes bá ti fún un ní àyè, bóyá orúkọ rẹ̀ ìbá wà lára àwọn tí ó ń fi awò wo ìràwọ̀, kì í ṣe àwọn tí ó ń wá owó awò. Ìmọ̀ ìràwọ̀ jèrè nínú ìpinnu rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ń yin èrè láìdárúkọ àdánù kò tíì sọ ìtàn náà tán.

Kí ni ó dé tí ènìyàn fi ní láti gbé awò lọ sí òkè òfurufú? Afẹ́fẹ́ tí à ń mí ni ìdí rẹ̀. Bí a bá gbójú sókè ní òru, tí a rí ìràwọ̀ tí ó ń ṣẹ́jú, ìràwọ̀ kọ́ ni ó ń ṣẹ́jú. Afẹ́fẹ́ tí ó wà láàrin àwa àti òun ni ó ń mì. Bí awò orí ilẹ̀ ti wù kí ó tóbi tó, afẹ́fẹ́ yìí yóò ba àwòrán rẹ̀ jẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pọ̀ irú ìmọ́lẹ̀ tí ìràwọ̀ ń tàn kì í dé ilẹ̀ rárá, nítorí pé afẹ́fẹ́ ń dí i lọ́nà. Ohun tí ó ń dáàbò bo ẹ̀mí wa lọ́wọ́ ìtànṣán líle yìí náà ni ó ń dí wa lójú.

Àlàyé yìí rọrùn lónìí. Nígbà tí Roman dé ọ́fíìsì rẹ̀, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìràwọ̀ kò fẹ́ gbọ́ ọ. Wọ́n ní owó awò kan ní òkè òfurufú yóò kọ́ awò púpọ̀ sórí òkè. Roman rìn káàkiri àwọn yunifásítì, ó ń ṣàlàyé, ó ń béèrè ohun tí wọ́n nílò, ó sì ń gbọ́ àtakò. Lẹ́yìn náà, yóò padà sí ọ́fíìsì láti pinnu èyí tí owó tó fún àti èyí tí kò tó fún. Àwọn àgbà ní ohun tí àgbà fi ìdí jókòó rí, bí ọmọdé gun orí ìrókò kò lè rí i. Àwọn tí ó gun orí òkè lọ wo ìràwọ̀ ní òru ni ayé mọ̀ ọ́n yìn. Ẹni tí ó jókòó ti tábìlì ní ọ̀sán, tí ó rí i pé òkè náà kò ga tó mọ́, ni a kò mọ bí a ti ń kì.

Ọ̀nà náà kò sì tẹ́jú. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1966, àkọ́kọ́ nínú àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní OAO gbéra. Agbára iná rẹ̀ bàjẹ́ láàrin ọjọ́ mélòó kan, kò sì rí ìràwọ̀ kan ṣoṣo. Èkejì gbéra ní oṣù Kejìlá ọdún 1968, ó sì ṣiṣẹ́ títí di 1973. Òmíràn gbéra ní 1970, kò dé ibi tí ó ń lọ. Èyí tí ó kẹ́yìn, tí wọ́n sọ ní Copernicus, gbéra ní 1972, ó sì ṣiṣẹ́ títí di 1981. Méjì yè nínú mẹ́rin. Lára èyí tí ó ṣubú àti èyí tí ó dúró ni wọ́n ti kọ́ bí ẹ̀rọ ṣe lè dojú kọ ìràwọ̀ kan ní òkè òfurufú kí ó má sì yẹsẹ̀. Bí kò bá sí ẹ̀kọ́ yẹn, ta ni yóò fi owó tí ó pọ̀ ju ìyẹn lọ lé awò ńlá lórí?

Oríkì tiwa kì í fi ìṣubú pamọ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ oríkì orílẹ̀ dáadáa mọ̀ pé ìjà àti àṣìṣe àwọn baba ńlá wà níbẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ akin wọn, ẹni tí a ń kì kò sì bínú sí i. "Ìyá Hubble" fo OAO dá. Ibi ìkómọ ni ó lọ tààrà.

Ẹ jẹ́ kí á dé ọ̀dọ̀ Hubble fúnra rẹ̀. Láti 1946 ni Lyman Spitzer ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé awò ńlá ní òkè òfurufú yóò fi ohun tí kò ṣeé rí láti orí ilẹ̀ hàn wá. Èrò náà dára, ṣùgbọ́n èrò kò ní ètò ìṣúnná. Roman ni ó kó àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ àti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ jọ sínú ìgbìmọ̀ láti sọ èrò di ohun tí ọwọ́ lè ṣe. Ní 1974, àwọn aṣojú-ṣòfin Amẹ́ríkà yọ owó rẹ̀ kúrò nínú ètò ìṣúnná. Àwọn onímọ̀ kọ lẹ́tà, wọ́n sì lọ bá àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀. Wọ́n dín dígí awò náà kù láti mítà mẹ́ta sí mítà 2.4, wọ́n sì pe Yúróòpù wá bá wọn dá owó. Roman wà lára àwọn tí ó ń kọ àlàyé tí NASA ń gbé lọ síwájú ilé aṣòfin. Èyí tí a mọ̀ jù nínú àlàyé rẹ̀ ni pé, fún iye tí ará Amẹ́ríkà kan yóò fi wo sinimá lẹ́ẹ̀kan, yóò ní ìmọ̀ tuntun fún ọdún púpọ̀. Ní 1977, ilé aṣòfin fọwọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ kí á yẹ àlàyé yìí wò bí a ti ń yẹ iṣẹ́ ọnà alohùn wò. Kò sọ̀rọ̀ nípa ẹwà ojú ọ̀run. Kò sọ̀rọ̀ nípa ògo Amẹ́ríkà tàbí nípa ọ̀tá tí ó ń sáré bọ̀ lẹ́yìn. Tíkẹ́ẹ̀tì sinimá ni ó mú. Ó mọ̀ pé ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀ kò níṣẹ́ méjì ju kí ó ṣọ́ owó àwọn ará ìlú rẹ̀ lọ, ó sì bá a sọ ọ́ ní èdè owó. Ìṣòro ńlá ni kí onímọ̀ sọ ohun tí ó fẹ́ràn jù láyé di iye tí kò ju ti ìgbádùn alẹ́ kan lọ, kí ó má sì tàbùkù rẹ̀. Ọgbọ́n ẹnu ni, ọgbọ́n ìṣèlú sì ni. Ọ̀rọ̀ náà "ìyá" kò lè gbé èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Wọ́n a máa pe Spitzer náà ní bàbá awò yìí. Bí a bá fi oríkì méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ìtumọ̀ tí ó fara sin yóò jáde: bàbá ni ó ni èrò, ìyá ni ó gbé oyún rẹ̀. Ìrònú di ti ọkùnrin, ìfaradà di ti obìnrin. Ṣùgbọ́n bí oyún bá ti dúró, inú ara ìyá ni ó ń dàgbà, láìdúró de ìbò ẹnikẹ́ni. Awò Hubble kò dàgbà bẹ́ẹ̀. Lọ́dọọdún ni ẹnìkan gbọ́dọ̀ tún pinnu pé kí ó wà, kí ó sì mú ìdí ìpinnu náà lọ síwájú àwọn tí kò fẹ́ ẹ.

Ẹ wo James Webb, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe awò ńlá tí ó gbéra ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 2021. Kì í ṣe onímọ̀ ìràwọ̀ rárá. Alákòóso ni, òun ni olórí NASA láti 1961 sí 1968. Nígbà tí wọ́n sọ awò náà lórúkọ rẹ̀ ní 2002, iṣẹ́ àkóso tó fún un gẹ́gẹ́ bí ìdí. Èyí fi hàn pé Amẹ́ríkà mọ bí a ti ń yin alákòóso. Kí ló dé, nígbà náà, tí ó fi jẹ́ pé orúkọ inú ẹbí ni ó kọ́kọ́ yá sí ẹnu wọn nígbà tí alákòóso náà jẹ́ obìnrin?

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ni mo ń wí, nígbà tí ó jẹ́ pé kò sí ọ̀rọ̀ tí ó níyì ju "ìyá" lọ lẹ́nu Yorùbá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni Yorùbá ń gbà lo ọ̀rọ̀ náà. Ìyá ni ẹni tí ó bíni; ìyá sì ni ẹni tí ó di ipò mú. Ìyálọ́jà kò bí ọjà. Ó ń ṣe àkóso rẹ̀ ni. Kì í ṣe iye ọmọ tí Ẹfúnṣetán Aníwúrà bí ni ó sọ ọ́ di Ìyálóde Ìbàdàn. Bí ó bá jẹ́ irú ìyá yìí ni àwọn ará Amẹ́ríkà ní lọ́kàn, àròkọ yìí ìbá kúrú. Ṣùgbọ́n nínú èdè wọn, abiyamọ ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ ń mú wá sọ́kàn, bẹ́ẹ̀ sì ni Roman kò lọ́kọ ní gbogbo ayé rẹ̀. Oyè tí òun fúnra rẹ̀ ń lò kò jọ èyí. Ó sọ pé òun ní láti máa pe ara òun ní Ọ̀mọ̀wé Roman, nítorí pé bí òun bá sọ pé Omidan Roman ni ó ń pè, àwọn akọ̀wé kì í jẹ́ kí òun dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá wọn. Kọ́kọ́rọ́ ni orúkọ jẹ́ fún un. Ó mọ èyí tí ó ń ṣí ilẹ̀kùn.

Ó fẹ̀yìn tì kúrò ní NASA ní 1979, ọdún mọ́kànlá kí Hubble tó gbéra. Ara ìdí tí ó fi tètè lọ ni kí ó lè tọ́jú ìyá tí ó bí i, ẹni tí ó ti darúgbó. Nígbà tí Hubble dé òkè ní 1990, tí wọ́n rí i pé dígí rẹ̀ kò rí bí ó ti yẹ ní etí, tí àwòrán rẹ̀ sì ń ṣú, Roman ti kúrò níbẹ̀. Àwọn arìnrìn-àjò òfurufú ni ó lọ tún un ṣe ní oṣù Kejìlá ọdún 1993. Ní ti Roman, ó kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ nílé àkójọ ìmọ̀ nípa ìràwọ̀ ní Goddard títí di 1997, lẹ́yìn èyí ó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé.

Ní 2017, ilé iṣẹ́ LEGO ṣe ère ìṣeré rẹ̀, pẹ̀lú Hubble kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú mi dùn sí i nítorí ọmọbìnrin tí yóò fi ṣeré. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yẹ kí ó wà lọ́wọ́ ère náà kò lè wà níbẹ̀: ìwé ìṣúnná tí wọ́n dá padà, àti èyí tí ó tún kọ. Ọmọ tí kò bá rí ìwé náà yóò rò pé bí ènìyàn bá ti fẹ́ràn ìràwọ̀ tó, awò yóò dé fúnra rẹ̀.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, NASA fún awò mìíràn ní orúkọ rẹ̀ gan-an. Dígí rẹ̀ kò tóbi ju ti Hubble lọ, mítà 2.4 náà ni, ṣùgbọ́n ibi tí yóò máa rí lójú ọ̀run lẹ́ẹ̀kan náà tó ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ti Hubble. Lójú tèmi, ìsọmọlórúkọ yìí sàn ju oríkì ìṣáájú lọ. Ó gbé Roman sí ipò kan náà pẹ̀lú Hubble tí ó wo ìràwọ̀ àti Webb tí ó ṣe àkóso, ó sì jẹ́ ohun tí ó tọ́, nítorí pé ó ṣe méjèèjì. Bí a bá tún fẹ́ kì í lẹ́yìn èyí, kí á kì í dé ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ dé: ọmọbìnrin tí ó fi Látìnì sílẹ̀ lọ kọ́ ìṣirò, onímọ̀ tí ó gbé ìràwọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ kí ẹlòmíràn lè rí ìràwọ̀, alákòóso tí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣubú lẹ́ẹ̀mejì tí kò yà kúrò lọ́nà, ẹni tí ó fi tíkẹ́ẹ̀tì sinimá ra ojú ọ̀run fún gbogbo ayé.